Agbọ̀n Tí Mo Bá Ọ Tò Síbi Ẹ̀rọ Epo

Ilé wa, Odigbo.

Tèmitáyọ̀, Àríkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò rẹ. Mo ní kó tún un gbé sí i kí n lè gbọ́ dáadáa, bóyá etí mi ló ń tàn mí. Etí mi kò tàn mí. O ní o fẹ́ kọ́ èdè kọ̀ǹpútà tuntun míì, pé méjì ni o ń wò, pé kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn èyí tí wàá mú, nítorí o fẹ́ fi tún iṣẹ́ tí o ń ṣe fún àwa obìnrin ibi ẹ̀rọ epo kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Táyọ̀. Ibẹ̀ ni mi ò lè gbé mì.

Mi ò pè ọ́ padà, torí mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá rẹ́rìn-ín, wàá ní kí n má bínú, wàá bèèrè bóyá mo ti jẹun, kí n sì tó mọ̀ a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fọ́. O kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìwé lẹ́nu. Màá fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń ná Ọ̀rẹ̀ sí Ìbàdàn, kí o wá ibì kan jókòó, kí o kà á tán. Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé inú ń bí mi. Ọmọ mi náà ni ọ́ ṣá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọwọ́ mi tí epo ti bò kọ ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí bí ibi ẹ̀rọ wa ṣe rí, torí ó jọ pé Ìbàdàn ti nù ún kúrò lórí rẹ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la fi ń fún epo pupa. Ẹni tó bá ti gé ẹyìn rẹ̀, á gbé agbọ̀n òfìfo wá, á tò ó tẹ̀lé agbọ̀n ẹni tó ṣáájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí òjò kò ní dé. Agbọ̀n yẹn ló ń bá a dúró kí òun lè ráyè lọ sóko. Bí ó bá kàn án tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á dojú agbọ̀n rẹ̀ dé, á sì padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú wa bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, àwa tó kù la máa ń gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ síwájú pátápátá. Kì í bẹ̀ wá. Kì í tiẹ̀ sí níbẹ̀. Yóò kàn dé lọ́jọ́ kan, yóò bá agbọ̀n rẹ̀ níwájú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà ìyá mi.

Mi ò ní a kì í jà. Ẹnìkan á fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n ẹlòmíì sẹ́yìn, á ní ewúrẹ́ ló ṣe é. O wá sílé nígbà ọdún Àjíǹde, o bá wa lórí irú ìjà bẹ́ẹ̀, o dúró sí ẹnu ọ̀nà, o ń rẹ́rìn-ín. O ní ọ̀rọ̀ tí kò le nìyí, pé fóònù á máa sọ fún oníkálukú ọjọ́ tí ó kàn án. O jókòó sábẹ́ igi ọsàn bàbá rẹ, o fi Páítìn kọ ọ́, èyí tí àbúrò rẹ ní orúkọ ejò ni.

Ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé sórí fóònù àwọn tó ń lo kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, ó ń wọlé sórí tèmi náà: "Ẹ̀yin ló kàn lọ́la." A dákẹ́ ìjà. Ní ilé àdúrà wa, wọ́n dárúkọ rẹ nínú àdúrà lọ́jọ́ ìṣọ́ òru, mo sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n má baà rí bí inú mi ṣe dùn tó. O ní kí gbogbo wọn kó agbọ̀n wọn lọ sílé, pé ibi náà á mọ́ tónítóní. Wọ́n kó o. Àwọn kan fi kó ẹ̀gẹ́. Ìyá kan ní Ararọ̀mí ti jẹ́ kí adìyẹ yé sínú tirẹ̀.

Ṣé o rántí ohun tí Màmá Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi bi ọ́ lójú mi? Ó bi ọ́ pé bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan ńkọ́, ṣé fóònù á mọ̀? O ní ìbéèrè rere ni. O ní o kò fi àyè ìyẹn sílẹ̀ nínú èyí tí o kọ yìí, pé yóò ṣòro díẹ̀ láti fi há a, àmọ́ o ti fẹ́ yí èdè padà, pé yóò wà nínú tuntun. Màmá Dúpẹ́ gbà ọ́ gbọ́. Èmi náà gbà ọ́ gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo bí ọ, tó yẹ kí n mọ̀.

Tuntun dé lóòótọ́. Jáfásíkíríìpù lo pè é. Ó ní àwọ̀ aláràbarà, ó ní àwòrán igi ọ̀pẹ tó ń mì, kò ní àyè ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àwọn tó ní fóònù ńlá nìkan ló rí ọ̀pẹ náà, wọn ò sì pọ̀. Kí a tó rí ẹni tí a máa rojọ́ fún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ọ́fíìsì ti ní ìyẹn náà kò dára tó, o ní Rọ́sìtì lo ń kọ́ báyìí. Àbúrò rẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ní irin tó dógùn-ún ni. Mo ní kó má sọ sí i. Láàárín méjèèjì, o ti pa Páítìn tó ń ṣiṣẹ́, torí o ní kò mọ́ra kí nǹkan méjì máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ dáwọ́ dúró. Agbọ̀n kò sí nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí ó kàn.

Àsìkò yẹn ni Bàbá Dúpẹ́ kú.

Àwọn àna Màmá Dúpẹ́ ti bá a gé ẹyìn sílẹ̀ kí ìsìnkú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ ni. Nígbà tó máa dé ibi ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn, kálukú ló ń pariwo pé òun ló kàn. Mo gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n lọ pe ọmọ mi. Agbọ̀n wo la fẹ́ gbé síwájú fún un? Kò sí agbọ̀n. Ẹyìn rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí tó fi bu funfun, epo tó sì rí fún nígbà tó yá ń há ọ̀fun. Àwọn oníbàárà láti Ọ̀rẹ̀ fi ọwọ́ kan tọ́ ọ wò, wọ́n sì nu ọwọ́. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ló kó o.

Kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà. Láti ìgbà tí a ti jẹ́ ọmọge ló ti ń pè mí ní Àṣàkẹ́, bí ó ti ń pè mí níwájú ọkọ mi nìyẹn, bí ó ti ń pè mí níwájú pásítọ̀ nìyẹn. Ní báyìí, tó bá ń kọjá, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bí a ṣe ń kí ẹni tó wá bèèrè ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, "Usẹ́ ọma rẹ dáa, Màmá Táyọ̀. Agbọ̀n mi ni mo fẹ́." Mo dìde, mo wá sílé. Ìwọ sì wà ní Ìbàdàn, o ń bèèrè èdè tuntun.

Ó dáa. O bèèrè ìmọ̀ràn, gbà á.

Èkíní. Ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan ló ń dùn mọ́ ọ, o sì ń pe adùn yẹn ní iṣẹ́. Mo mọ àrùn náà, ara mi lo ti kó o. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ ní Ọ̀rẹ̀. Mo mọ síkẹ́ẹ̀tì rán kíákíá, ọ̀gá mi ń fi mí yangàn. A dé orí kọ́là. Kọ́là mi ń wọ́, mo tú u, ó tún wọ́, ni mo bá ní irun dídì ló wù mí. Mo lọ kọ́ irun. Nígbà tí a dé ibi dídì wínníwínní tó ń dun ni ní ìka, mo ní búrẹ́dì ló wù mí. Mi ò ṣe fúríìdọ̀ọ̀mù kankan nínú gbogbo ẹ̀. Ní gbogbo Odigbo yìí, kò sí ẹni tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó mi. Nítorí náà nígbà tí o bá ní èdè kan "kò bá ọ lára mu mọ́", màá bi ọ́: ṣé èdè ni, àbí o ti dé orí kọ́là? Àyè ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kọ́là tìrẹ nìyẹn. Kò sí èdè tí o máa gbé e lọ tí kò ní wọ́, àyàfi kí o jókòó tì í.

Gbogbo ìgbà tí o bá mú èdè tuntun dé, nǹkan àkọ́kọ́ tí o máa ń fi hàn mí ni ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń kí ayé. Ìwọ lo ṣàlàyé fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ṣe ń bẹ̀rẹ̀, pé ẹ máa kọ́kọ́ jẹ́ kó kí ayé ná. O ti fi Páítìn kí ayé, o ti fi Jáfásíkíríìpù kí i, o ti fi irin tó dógùn-ún kí i. Màmá Dúpẹ́ tó sin ọkọ, o kò tíì kí i.

Ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó kọjá.

Èkejì, má fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ nítorí èyí tí wọ́n ní ó ń bọ̀. Bàbá rẹ dúró sẹ́yìn mi níbí, wọ́n ń kà á bí mo ṣe ń kọ ọ́, wọ́n ní kí n má kọ èyí. Màá kọ ọ́. Nígbà tí o ṣì kéré, àwọn kan wá sọ fún bàbá rẹ pé àwọn òyìnbó ń bọ̀ wá wa ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì ní Agbabu, pé wọ́n á gba gbogbo ilẹ̀ tó wà nítòsí. Bàbá rẹ ní oko ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí la tún ń ro oko sí, nígbà tí àwọn ẹlẹ́rọ fẹ́ wá hú u. Koríko bo ẹ̀gẹ́, òkété jẹ èyí tó kù. Òyìnbó kò dé. Àwọn ará Agbabu ṣì ń retí wọn di báyìí, bàbá rẹ sì máa ń bójú wo ọ̀nà tí wọ́n bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá. Bàbá rẹ ní irọ́ ni mò ń pa, pé àwọn kò wo ọ̀nà. Wọ́n ti lọ bínú sí ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń sọ pé èdè báyìí-báyìí ni gbogbo ayé á máa lò láìpẹ́, wọ́n lè má purọ́. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà tó máa dé, kí ni àwa á fi fún epo? Bí a bá ń tún ilé ìdáná kọ́ nílé yìí, inú ti àtijọ́ la ṣì ti ń se oúnjẹ títí tuntun á fi gbẹ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ilé yìí lo dàgbà sí. Kí ló wá dé tí o fi kọ́kọ́ wó ti àtijọ́?

Ẹ̀kẹta. Kí o tó bèèrè èdè wo ló yára, lọ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró. Wọ́n ní Páítìn lọ́ra. Ó lọ́ra ju kí ni lọ? Àwa tí a ń fi odindi ọ̀sán se ẹyìn, ṣé a máa mọ̀ bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́? Nẹ́tíwọ̀kì wa gan-an, orí òkúta ẹ̀yìn ilé ìjọsìn la ti ń rí i. Àwọn tó ń bá ọ jiyàn ní ọ́fíìsì kò tíì rí ibi ẹ̀rọ epo rí, o sì jẹ́ kí wọ́n yan irinṣẹ́ fún un. Bí o bá fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn, bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti fi èdè náà parí nǹkan kan tí àwọn ènìyàn ń lò. Ẹni tó kàn fẹ́ràn àríyànjiyàn, bá a jiyàn, kí o sì wá ṣe iṣẹ́ rẹ.

Kí o sì wò ó bóyá wàá rí ẹni ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá há. Èyí tí o fi sílẹ̀ yẹn, àbúrò rẹ ti ń kọ́ ọ nílé ìwé, ì bá ti bá wa tún un ṣe nígbà tí o kò gbé fóònù. Ó ṣí Rọ́sìtì wò, ó tún un pa dé, ó ní kí n jọ̀ọ́.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Kò ṣe nǹkan.

Wàá ní, "Ṣùgbọ́n Màámi, iṣẹ́ ìgbádùn ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sanwó oṣù fún mi sí." Mo gbọ́. Mi ò sọ pé kí o má gbádùn. Nígbà tí o bá ń ṣàlàyé àwọn nǹkan wọ̀nyí fún mi, tí ojú rẹ ń tàn, tí mi ò lóye ìdajì rẹ̀, inú mi máa ń dùn débi pé mi ò ní fẹ́ kí o dákẹ́. Kọ́ èdè tuntun. Kọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí o bá fẹ́ fi kọ́ ọwọ́, fi ṣe nǹkan tí kò sẹ́ni tó ń dúró dè é. Fi ka ewúrẹ́ bàbá rẹ. Fi ya ọ̀pẹ tó ń mì yẹn. Bó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́, wàá rẹ́rìn-ín, wàá tún un ṣe. Ìgbà tí Màmá Dúpẹ́ ti gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ sílé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, iṣẹ́ yẹn ti kúrò ní ìgbádùn. Ìwọ kò sọ fún un pé o ń ṣeré. Ká ní o sọ fún un ni, ì bá ti fi agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Nínú èdè méjì tí o wá ń bi mí léèrè, mi ò mú ọ̀kankan. Padà sí Páítìn. Wá àyè fún ẹni tó bímọ àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, bó ṣe wù kó nira tó. Kó máa wọlé sórí fóònù kékeré. Lẹ́yìn náà, kí o lọ kọ́ èyí tó bá wù ọ́, màá fi adìyẹ ránṣẹ́ sí ọ.

Kí o sì pe Màmá Dúpẹ́. Má fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Pè é.

A ti padà sí agbọ̀n títò. Mo bá ìwọ náà tò ọ̀kan, ẹ̀yìn pátápátá ni mo fi í sí, mo sì so ìgbánú aṣọ ilé ìwé rẹ àtijọ́ mọ́ ọn kí gbogbo wọn lè mọ̀ ọ́n. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wọn pé ọjọ́ tó bá kan agbọ̀n yẹn, wàá dúró níwájú wọn, wàá fi iṣẹ́ tó parí hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn gbọ́, wọn ò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá wá kàn ọ́ tí o kò sí níbẹ̀, Táyọ̀, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan agbọ̀n ọmọ mi. Èmi fúnra mi ni màá dojú rẹ̀ dé.

Mo ti lẹ àpòòwé pa kí n tó tún fi ọ̀bẹ ṣí i, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Mo dé ibi ẹ̀rọ, mi ò rí agbọ̀n rẹ lẹ́yìn. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé ẹnìkan ti jù ú sígbó. Mo wá a lọ títí, mo bá a níwájú pátápátá, ó ṣáájú ti gbogbo ènìyàn, ìgbánú aṣọ ilé ìwé rẹ ṣì wà lára rẹ̀. Mo bèèrè ẹni tó gbé e. Màmá Dúpẹ́ wà nídìí iná, ó ń koná mọ́ àgbá, kò gbójú sókè. Ó ní òun ni.

Mo ní kí ló dé. Mo ní ọmọ mi kò bímọ, ọ̀fọ̀ kò sì ṣẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ojú ń ti ọma náà, Àṣàkẹ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó pè mí."

Mo jókòó sórí àga ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a jọ ń koná, omijé ń dà lójú mi, mo ní èéfín ni.

Nítorí náà ìwọ ló kàn. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn á dẹ̀rù bà ọ́ tàbí yóò tù ọ́ nínú, inú mi kò tíì rọ̀ tó láti bìkítà. Má kọ́ nǹkan kan kún èyí tí o mọ̀. Máa bọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ tí inú ṣì ń bí,
Àṣàkẹ́.